Kíka Àbùkù Ẹ̀rọ Fọ́tòkọ́pì Láti Ojú Bébà, àti Bí Ó Ṣe Kan Ìwé Ìdánwò Yorùbá

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ìdí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ni ìwé ìdánwò máa ń kọjá kẹ́yìn kí ó tó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ ti ronú lórí ìbéèrè, ó ti tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó ti fi àmì ohùn sí i, ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ̀rọ bá wá ń gbé ẹ̀dà tí kò hàn dáadáa jáde, tàbí èyí tí àmì dúdú tóótòòtó kún ojú rẹ̀, gbogbo làálàá náà lè já sí asán. Nínú ìwé tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, ìdọ̀tí lásán ni àmì dúdú kan sábà máa ń jẹ́. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn àmì kéékèèké orí àti abẹ́ lẹ́tà ni wọ́n ń gbé ìtumọ̀ ró. Bí àmì bá parẹ́ lára “ẹbí”, “ebi” ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà. Bí tónà bá kán sí abẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú “ó sá”, ó ti di “ó ṣá”, ẹni tí ó ń sáré sì ti di òdòdó tí ó rọ.

Àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni pé, bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba bébà jẹ́, ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ yóò lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò ṣí i, yóò pa á dé, yóò sì ní kí wọ́n lọ ra tónà tuntun. Owó tónà á sì ṣòfò, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà tónà kọ́ ni ó ń ṣe é. Bébà tí ó bàjẹ́ náà gan-an ni ó ń sọ ibi tí àìsàn ẹ̀rọ wà, bí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ bá mọ bí wọ́n ti ń kà á.

Bí Ẹ̀rọ Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Chester Carlson, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Otto Kornei, ni wọ́n kọ́kọ́ rí iṣẹ́ yìí ṣe, ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 1938, ní àdúgbò Astoria ní ìlú New York. Wọ́n fi imí-ọjọ́ kun pátákó síńkì kan, wọ́n fi aṣọ ìnujú ra á, wọ́n gbé gíláàsì tí wọ́n kọ “10-22-38 Astoria” sí lé e lórí, wọ́n tan iná sí i, wọ́n sì da lẹ́búlẹ́bú sí ojú pátákó náà. Ìkọ̀wé náà sì hàn. Ó di ọdún 1959 kí ẹ̀rọ Xerox 914, tí ó sọ iṣẹ́ náà di ti gbogbo ọ́fíìsì, tó jáde. Ẹ̀rọ yẹn gbóná débi pé bébà lè gbiná nínú rẹ̀, wọ́n sì ní láti fi ohun èlò ìpaná kékeré kún un fún àwọn tí ń lò ó.

Ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré ní ìgbà ọyẹ́ ni ìpìlẹ̀ ọgbọ́n náà. Bí ènìyàn bá fi òòyà oníke ya irun gbígbẹ, tí ó sì na òòyà náà sí orí bébà wẹ́wẹ́, bébà yóò fò lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, ohun roboto kan wà tí wọ́n ń pè ní dírọ́ọ̀mù. Èròjà tí wọ́n fi kùn ún máa ń di agbára iná mọ̀nàmọ́ná mú nínú òkùnkùn, ó sì máa ń jọ̀wọ́ rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Wáyà tàbí rólà kan ni yóò kọ́kọ́ fi agbára iná bo dírọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ yóò ya àwòrán ìwé sí i lára. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tí ó kan ojú ìwé, tí jígí sì gbé padà, ni ó ń ṣe èyí. Nínú ti òde òní, skánà yóò ka ìwé, iná lésà yóò sì tún un yà. Tónà, tí ike lílọ̀ kúnná pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bébà yóò gba ibẹ̀ kọjá, agbára iná mìíràn yóò fa tónà sórí rẹ̀, àwọn rólà gbígbóná yóò sì yọ́ ọ mọ́ bébà. Abẹ rọ́bà pẹlẹbẹ ni yóò há èyí tí ó ṣẹ́kù kúrò lára dírọ́ọ̀mù, kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Kíka Àbùkù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí a má wo ibi tí a ṣubú sí, ibi tí a ti kọsẹ̀ ni kí a wò. Ojú bébà ni ibi ìṣubú. Ọ̀kan nínú àwọn ìpele òkè yìí ni ibi ìkọsẹ̀.

Èyí tí ó rọrùn jù láti kà ni àmì tí ó ń padà wá. Bí ẹ̀kán dúdú kan bá hàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìlà kan náà, tí àlàfo àárín wọn sì dọ́gba, ohun tí ó ń yí ni ó fà á. Rúlà lásán tó láti mọ èwo nínú wọn ni. Dírọ́ọ̀mù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 30, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, máa ń rin nǹkan bíi mìlímítà 94 kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé 30 ni wọn yóò fi 3.14 sọ di púpọ̀. Gígùn bébà A4 jẹ́ mìlímítà 297, nítorí náà ojú ọgbẹ́ kan lára dírọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ yóò hàn ní nǹkan bí ìgbà mẹ́ta lórí ìwé kan. Bí àlàfo náà bá yàtọ̀ sí 94, kí wọ́n wá rólà tí àyíká rẹ̀ bá iye náà mu. Olùkọ́ ìṣirò lè fi èyí kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì.

Ìlà gbọọrọ tí ó bá bébà rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí ó dúró sójú kan nígbà tí nǹkan mìíràn ń kọjá lára rẹ̀ ni ó ń fà á: wáyà tí ó dọ̀tí, abẹ rọ́bà tí etí rẹ̀ ti jẹ, tàbí ìdọ̀tí lójú gíláàsì tín-ín-rín tí ìwé ń gbà kọjá bí wọ́n bá kó o sí ẹnu òkè tí ń fà á wọlé fúnra rẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ̀kán kan ṣoṣo láti ara oje funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìkọ rẹ́, tí kò tíì gbẹ kí ìwé tó wọlé, tó láti fa ìlà dúdú sí ara igba ẹ̀dà. Kí wọ́n gbé ìwé kan náà sí ojú gíláàsì ńlá. Bí ìlà náà kò bá sí mọ́, aṣọ rírọ̀ tí omi díẹ̀ wà lára rẹ̀ ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe tónà.

Bí àmì náà bá jẹ́ ẹyọ kan, tí kì í padà wá, kí wọ́n dorí ìwé náà kodò lórí gíláàsì. Bí àmì bá bá ọ̀rọ̀ lọ, ara ìwé ni ó wà. Bí ó bá dúró sí àyè rẹ̀, ojú gíláàsì ni.

Ẹ̀dà tí ó dúdú látòkè délẹ̀ ń fi hàn pé agbára iná kò bo dírọ́ọ̀mù bó ti yẹ, tàbí, nínú ẹ̀rọ àtijọ́, pé gílóòbù ti kú. Bí ọ̀rọ̀ bá hàn kedere ṣùgbọ́n tí ó ń ṣí kúrò bí wọ́n bá fi àtàǹpàkò nù ún, àwọn rólà gbígbóná ni kò gbóná tó.

Bébà, Ojú Ọjọ́ àti Iná

Kì í ṣe inú ẹ̀rọ nìkan ni àbùkù ti ń wá. Ní ìgbà òjò, bébà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin. Tónà kì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ọ̀rọ̀ á sì máa hàn bàìbàì. Ní ìgbà ọyẹ́, bébà á gbẹ jù, méjì tàbí mẹ́ta á lẹ̀ pọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n fi bébà sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ títí di ìgbà tí wọn yóò lò ó, kí wọ́n sì fẹ́ ẹ kí wọ́n tó kó o sínú ẹ̀rọ. Èyí tí ó bá há, apá ibi tí ó ń lọ ni kí wọ́n fà á sí. Fífà á padà sẹ́yìn lè ya á, àjákù rẹ̀ á sì fa híhá mìíràn.

Ti iná tún wà níbẹ̀. Fọ́ltì 230 ni ti Nàìjíríà, 120 sì ni ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá yóò jóná lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá kì í bọ iná láìsí ẹ̀rọ tí ń dín iná kù. Ẹni tí ó bá ń rà á, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kí ó kọ́kọ́ kà.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣọ́ra fún kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Àwọn rólà gbígbóná lè bó awọ ọwọ́, nítorí náà kí wọ́n pa ẹ̀rọ kí ó tutù kí wọ́n tó kan ibẹ̀. Kí ìka ọwọ́ tàbí oòrùn má kan dírọ́ọ̀mù. Tónà tí ó bá dà sí aṣọ, omi tútù ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná yóò yọ́ ọ mọ́ aṣọ.

Kí Ẹ̀dà Tó Di Ọgọ́rùn-ún

Àmì ohùn ni ó kọ́kọ́ ń sọnù nínú ẹ̀dà tí wọ́n ṣe láti ara ẹ̀dà mìíràn, nítorí pé òun ni ó kéré jù lójú ìwé. Ìwé àkọ́kọ́ tí ó jáde láti inú kọ̀ǹpútà ni ó yẹ kí wọ́n máa lò, kì í ṣe ẹ̀dà ọdún tó kọjá tí wọ́n tún ọjọ́ rẹ̀ kọ. Fífi kún dúdú ẹ̀rọ lè gbé àmì tí ó ń parẹ́ padà, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ojú bébà yóò dúdú tóótòòtó, àmì irọ́ yóò sì dà mọ́ ti òótọ́. Ẹni tí ó kọ ìbéèrè ni kí ó ka ẹ̀dà kìn-ín-ní, kì í ṣe akọ̀wé, kí ó sì fi ìka tọ abẹ́ gbogbo ẹ, ọ àti ṣ kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú.

Bébà tí ó bàjẹ́ kò yẹ ní jíjù nù. Kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, àti bóyá ojú gíláàsì tàbí ẹnu òkè ni ìwé gbà wọlé, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Rúlà àti bébà yẹn ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè bí ó bá dé.