Ohun Tí A Bá Ń Gbé Gẹ̀gẹ̀ Ni Ìlànà Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Wa Yóò Jọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìlànà ìjọba lórí ìmọ̀-ẹ̀rọ rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn onímọ̀ kan ni wọ́n ń jókòó ní Àbújá láti kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, tí kò sì kan àṣà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwùjọ kan bá ń gbé gẹ̀gẹ̀ ni ìjọba wọn máa ń náwó lé lórí. Èyí tí wọ́n bá sì ń fojú tín-ín-rín, bí ó tilẹ̀ wà nínú ìlànà, kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀. A ó fi Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ ìhà méjèèjì.

Ìfẹ́ Ẹ̀kọ́ àti Èso Rẹ̀

Kò sí àní-àní pé ìwé kíkà ni ohun tí àwọn ará Èkìtì fi ń yangàn jù lọ. Orísun Ìmọ̀ ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ náà, òkìkí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ti ibẹ̀ jáde sì kàn káàkiri. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kó ipa pàtàkì nínú èyí. Ní ọdún 1933 ni Archdeacon Henry Dallimore, òjíṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà, dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, orí ilẹ̀ tí a ti ro ni irúgbìn náà bọ́ sí. Ìjọba kan náà ni ó dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ní lọ́kàn láti fi ẹ̀rọ tuntun náà ṣe.

Ìfẹ́ yìí kan náà ni a rí ní ìgbà tiwa. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè yá kánkán ní ìlú kan, àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ri okùn fáíbà mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, ìjọba ìpínlẹ̀ a sì máa gba owó lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ní Èkìtì, ₦4,500 ni owó náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí dín in kù sí ₦145, iye tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ ti fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: kìlómítà kan tí ì bá gba mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ náírà wá di ₦145,000. Ọdún kan náà ni àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń fi kún tiwọn. Bánkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà náà fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 80 dọ́là fún iṣẹ́ Ekiti Knowledge Zone ní Adó-Èkìtì. Níbi tí àwọn òbí ti ń ta oko nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, kò ṣòro fún ìjọba láti ṣàlàyé irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú.

Ọwọ́ Tí A Gbàgbé

Ṣùgbọ́n ìhà kejì wà. Kí ìwé tó dé, Èkìtì bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n ọwọ́. Àwọn ọba ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ sí ààfin Ògògà ti Ìkéré dé ibi àfihàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, inú British Museum ni ó sì wà. Àwọn ìyá tí ń mọ ìkòkò ní Ìṣàn-Èkìtì pẹ̀lú mọ irú amọ̀ tí iná kò lè fọ́. Ìmọ̀-ẹ̀rọ ni gbogbo èyí. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí wá di ọ̀nà sí iṣẹ́ ìjọba, iyì kúrò lára ọwọ́, ó bọ́ sára bébà.

Ìlànà orílẹ̀-èdè wa kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ní ọdún 1982 ni ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ìwé. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí iná, kò sí olùkọ́, ẹ̀rọ wà nínú àpótí títí ó fi dípẹtà. Ní ọdún 1986 ni ìlànà àkọ́kọ́ lórí Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ jáde, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ẹni tí ó gba HND ní Politẹ́kíníìkì sí ẹ̀yìn ẹni tí ó gboyè ní Yunifásítì nínú iṣẹ́ ọba. Ẹnu ń pe ìmọ̀-ẹ̀rọ, ọwọ́ ń ti àwọn tí ń ṣe é sẹ́yìn.

Ní Jámánì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ a máa lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, a sì lo ìyókù ní ilé-iṣẹ́, òfin ọdún 1969 sì dáàbò bo ètò náà. Kì í ṣe òfin nìkan ni ó mú un dúró. Ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ẹni iyì láàárín wọn.

Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Kù Sí

Àwa náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ mẹkáníìkì, iṣẹ́ rẹwáyà tàbí àtúnṣe fóònù lọ́dọ̀ ọ̀gá ní Adó-Èkìtì ń gba ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Ohun tí ó kù ni kí ẹnu ọ̀nà Knowledge Zone ṣí sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣí fún ẹni tí ó ti Yunifásítì dé.

Ìjọba nìkan kò lè ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, ọmọ tí ó gboyè jáde ni a ń pè síwájú fún ìdúpẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó gba fírídọ̀mù kì í sábà rí irú ọlá bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ń wò wá. Ohun tí wọ́n bá rí pé a ń yìn ni wọn yóò lépa, àwọn kan nínú wọn ni yóò sì kọ ìlànà ìmọ̀-ẹ̀rọ orílẹ̀-èdè yìí lọ́jọ́ iwájú.