Ọjọ́ A Kú Là Ń Dère: Ìtúfọ̀ àti Ìrántí Àwọn Gbajúmọ̀ Ìlú Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ‘Ọjọ́ a kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè.’ Òwe yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ní Ayépé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìwé ìtúfọ̀ kì í wọ́n lára ògiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àwòrán wọn wà níbẹ̀ ni ó jẹ́ pé Èkó ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti lórúkọ, kí a tó gbé òkú wọn wálé. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹbí ọ̀kan nínú wọn ní kí n bá àwọn kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá àwọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo kọ ọ́ pé òwò bàbá náà dẹnu kọlẹ̀ nígbà kan, pé ó jẹ gbèsè, àti pé àwọn obìnrin ọjà kan ni wọ́n dáwó jọ láti gbé e dìde. Ẹbí ní kí n yọ gbólóhùn náà, nítorí pé àbùkù ni. Mo yọ ọ́. Nígbà tí a ka ìwé náà níbi ìsìn ìkẹyìn, méjì nínú àwọn obìnrin náà jókòó lẹ́yìn. Ìgbà náà ni ó tó yé mi pé kì í ṣe gbèsè nìkan ni mo yọ. Mo ti yọ àwọn náà pẹ̀lú.

Ìtúfọ̀ kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ìbọn ni a fi ń túfọ̀ àgbàlagbà láyé àtijọ́. Nígbà tí Ìwé Ìròhìn sì bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìkéde ikú wà lára ohun tí ó ń tẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n lítíréṣọ̀ alohùn wa ní ọ̀nà tirẹ̀ láti rántí òkú. Oríkì kì í ṣe ìyìn lásán. Oríkì ológun a máa dárúkọ ìlú tí ó tú àti ẹrú tí ó kó. Ohun tí ìtúfọ̀ ń bò mọ́lẹ̀ ni oríkì máa ń gbé síta.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ẹni méjì tí Èkó ń bọlá fún. Gbàgede Tinúubú wà ní Erékùṣù Èkó títí di òní. A ń sọ pé akíkanjú obìnrin ni Ẹfúnróyè Tinúubú, òótọ́ ni. Aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Campbell, ni ó lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Àwọn Ẹ̀gbá fi í jẹ Ìyálóde ní 1864, Abẹ́òkúta ni ó sì kú sí ní 1887. Ṣùgbọ́n òwò ẹrú wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Bí a bá yọ èyí kúrò, àwọn tí a tà ni a yọ. Wọn kò ní ère, kò sí ẹni tí ó túfọ̀ wọn. Inú ìtàn ẹni tí ó tà wọ́n nìkan ni a ti lè rántí wọn.

Herbert Macaulay kú ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún, 1946. Nnamdi Azikiwe sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀. Ní 1979, a tẹ àwòrán rẹ̀ sórí owó náírà kan. A máa ń rántí pé òun ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, àti pé ẹgbẹ́ náà gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a dìbò fún ní Èkó lọ́dún náà. Èé ṣe tí Macaulay fúnra rẹ̀ kò fi jókòó sí ọ̀kankan? Ìdí ni pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n ní 1913 lórí ọ̀rọ̀ ogún tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀; òfin kò sì jẹ́ kí ó du ipò náà. Bí ilẹ̀kùn Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti tì mọ́ ọn, ìgboro ni ó gbára lé: àwọn ìdílé ọlọ́jà, àwọn Mùsùlùmí, àti àwọn obìnrin ọjà tí Alímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà ṣe olórí wọn. Àwọn obìnrin náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, síbẹ̀ wọ́n fi owó àti èrò ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fo ẹ̀wọ̀n náà kò ní í mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé kí a máa bú òkú lójú ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìtúfọ̀ kọ́gbọ́n lára oríkì: kí ó sọ ibi tí olóògbé ti kọsẹ̀, kí ó sì sọ ẹni tí ó gbà á mú. Ìwé ìsìnkú tí mo kọ nì kò ṣeé tún tẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe sọ ti àwọn obìnrin ọjà náà níhìn-ín, kí ó lè wà ní títẹ̀ ní ibì kan.