Iṣẹ́ Ẹnjiníà Lábẹ́ Ère Ìta Gbangba: Àpẹẹrẹ Angel of the North lórí Ilẹ̀ Ìwakùsà Àtijọ́

Ìfáárà
Bí àwọn ènìyàn bá rí ère ńlá ní oríta, orúkọ ẹni tí ó ṣe é ni wọ́n máa ń béèrè. Ìwọ̀nba ni ó ń béèrè ohun tí ó mú un dúró. Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣe àlàyé ipa tí ẹnjiníà ń kó nígbà tí a bá fẹ́ gbé ère sórí ilẹ̀ tí a ti lò fún iṣẹ́ mìíràn rí. Èrò wa ni pé ilẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó pinnu irú ère tí yóò gbà.

Ilẹ̀ náà àti ère náà
Gateshead wà ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí àwọn awakùsà èédú ti máa ń wẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ni ère yìí wà lónìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Antony Gormley ni ó ṣe ère náà. Iléeṣẹ́ Arup ni ó ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1998 ni wọ́n gbé e nàró. Gíga rẹ̀ jẹ́ 20 mítà. Ìbú apá rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 54 mítà. Ara rẹ̀ wọn 100 tọ́ọ̀nù, apá kọ̀ọ̀kan sì wọn 50.

Ìṣòro méjì àti ojútùú wọn
Èkíní ni ilẹ̀. Ilẹ̀ tí a ti wa nǹkan lábẹ́ rẹ̀ lè rì láìròtẹ́lẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ri òpó kọnkéré wọlẹ̀ tó nǹkan bí 20 mítà títí ó fi kan àpáta. Kọnkéré ìpìlẹ̀ náà kò dín ní 600 tọ́ọ̀nù. Èyí fi hàn pé ohun tí a kò rí jinlẹ̀ tó gíga ère náà, ó sì wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Èkejì ni afẹ́fẹ́. Apá tó gbòòrò bẹ́ẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́ bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, ìjì sì lè bì í ṣubú. Wọ́n ṣe é kí ó lè fara da ìjì tí ó ń sáré ju 160 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Àwọn irin tí ó yọ síta lára rẹ̀ bí egungun ìhà ni ó ń darí agbára afẹ́fẹ́ náà lọ sínú ìpìlẹ̀. Inú rẹ̀ ṣófo, ó sì ní ilẹ̀kùn ní èjìká kí àwọn òṣìṣẹ́ lè wọlé yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kọ́ fún àwa olùkọ́
Ní ìlú tiwa náà, a máa ń gbé ère sórí ààtàn àtijọ́ tàbí àbàtà tí a dí. Bí irú ère bẹ́ẹ̀ bá wó, àwọn tí ń kọjá ni yóò wó lù. A dábàá pé:
1. kí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà àti olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ jọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orí ẹ̀kọ́ yìí;
2. kí akẹ́kọ̀ọ́ fi páálí gé ère alápá gbọọrọ méjì, kí wọ́n gbé ọ̀kan lé orí iyanrìn, kí wọ́n fi igi ri èkejì wọ inú iyanrìn dé ìsàlẹ̀ abọ́, kí wọ́n wá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ;
3. kí wọ́n kọ́ láti béèrè ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó yẹ ilẹ̀ wò, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú ère náà.

Àsọkágbá
Òkèèrè ni a ti ń wo igi ganganran kí ó má baà gún ni lójú. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti wo ẹwà ère láìkọ́ ọ láti wo ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.