Gbàǹjo Nítorí Ọmọ Òrukàn: Sàká Ni Tàbí Sàráà?



Gbàǹjo kò ṣàjèjì nínú Islam. Anas ọmọ Malik gbà á wá pé ọkùnrin kan wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì lu aṣọ àti igbá rẹ̀ ní gbàǹjo: ẹnì kan pe dirham 1, ẹlòmíràn pe 2. Ọkùnrin náà fi ọ̀kan ra oúnjẹ, ó fi èkejì ra àáké, ó ń ṣẹ́ igi tà. Lẹ́yìn ọjọ́ 15, ó ti ní dirham 10.

Bí a bá ń lu iṣu tàbí aṣọ ní gbàǹjo fún ọmọ òrukàn, ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Owó ọjà kì í ṣe sàká. Èyí tí ẹ fi lé iye rẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, sàráà ni. Ẹni tó bá ra iṣu ní owó gọbọi, tó wá gbàgbé ìdá kan nínú 40 owó rẹ̀ tó pé òṣùwọ̀n tó sì lo ọdún, gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ rà kò gbọdọ̀ máa fowó lé e. Ànábì kọ̀ ọ́. A sì bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí owó mọ́tò ti àpò yín jáde. Al-Kùránì (4:10) ti kìlọ̀ fún ẹni tó ń jẹ ohun ìní ọmọ òrukàn ní ọ̀nà àbòsí.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere. Àámín.