Ọmọ Olódò Kì Í Ṣe Olódo

Olódò lẹ́bàá Ìbàdàn ni mo ti lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ọmọ ìgboro máa ń fi orúkọ ìlú wa ṣe: Olódò, ẹni tó ni odò, á di olódo, ẹni tó gba òdo nínú ìdánwò. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi rín. Àmọ́ nígbà tí mo dé kíláàsì kẹrin, èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́.

Láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta, Yorùbá ni tíṣà fi ń kọ́ wa. Ní ìkẹrin, Gẹ̀ẹ́sì gba ipò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, tíṣà béèrè ìdí tí omi inú ìkòkò amọ̀ fi máa ń tutù. Mo mọ̀ ọ́n! Ìyá àgbà mi ní àmù. Mo ti rí bí ara rẹ̀ ṣe ń làágùn, mo sì mọ̀ pé ìgbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ló máa ń tutù jù. Ṣùgbọ́n mi ò ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Mo dìde, mo dákẹ́, wọ́n sì ní kí n wà lórí ìdúró títí aago fi lù.

Ìdáhùn náà rèé. Amọ̀ ní ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí. Omi ń gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì ń di oru lọ sínú afẹ́fẹ́. Kó tó lè di oru, ó gbọ́dọ̀ gba ooru, ara àmù àti omi inú rẹ̀ ló sì ti ń gbà á. Kẹ́ẹ̀gì rọ́bà ò ní irú ihò yẹn, ìdí nìyẹn tí omi inú rẹ̀ kì í fi tutù bẹ́ẹ̀.

Ṣé ọpọlọ ló kù díẹ̀ fún mi ni àbí èdè? Àwọn kan ti dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ṣiṣẹ́ á dá ebè kan sí tí kò ní fi sí. Ohun táwọn náà ṣe nìyẹn. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àtàwọn yòókù fún ọdún 6 gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ àfiwé bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3, bíi tèmi.

Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ náà, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ẹ má rò pé èdè nìkan ló ṣe é o. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí gba gbogbo ọdún 6 náà. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ọmọ kíláàsì kẹrin ṣì ń dìde, ó ṣì ń dákẹ́.

Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, mo pọn omi sínú àmù àti kẹ́ẹ̀gì, mo pe àwọn ọmọ àdúgbò, mo ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Yorùbá la fi sọ gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì karùn-ún ní, "Bọ̀dá, tí wọ́n bá wá fi ọ̀dà kun ara àmù ńkọ́? Ṣé á ṣì máa tutù?"

Ìbéèrè onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Mi ò dá a lóhùn. Mo ní kó lọ wá ọ̀dà wá.