Ọgbà Adìẹ ní Ẹ̀yìnkùlé: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Yín Kọ́ Ọ

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di òní, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbolé wa, adìẹ ìbílẹ̀ kì í gbé inú ọgbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a jáde, wọn a máa jẹ̀ kiri lórí ààtàn; bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a padà wá sùn sí ilé ìdáná tàbí sínú àgò. Ọ̀nà yìí kò ná ni lówó púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí adìẹ ń yàgbẹ́ sí náà ni ọmọ ọwọ́ ń rá lé, ohunkóhun tí ọmọ tí ń rá bá sì rí nílẹ̀, ẹnu ni yóò fi sí.

Ìmí adìẹ lè ní àwọn kòkòrò àìfojúrí bíi Campylobacter àti Salmonella nínú, èyí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti inú rírun, bí adìẹ náà kò tilẹ̀ ṣe àìsàn kankan. Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, àwọn olùwádìí jókòó ti àwọn ọmọ ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ilé àwọn ará oko, wọ́n sì rí àwọn kan tí wọ́n ń kó erùpẹ̀ àti ìmí adìẹ sẹ́nu. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde. Ìgbẹ́ gbuuru tí ń padà wá lemọ́lemọ́ kì í jẹ́ kí oúnjẹ ṣe ọmọ lára, ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í dàgbà bí ó ṣe yẹ.

Síbẹ̀, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kó adìẹ rẹ̀ tà. Ẹyin kan ṣoṣo ní amúaradàgbà tí ó tó gíráàmù 6 nínú, pẹ̀lú fítámìnì A àti àwọn èròjà mìíràn tí ọpọlọ ọmọ nílò. Ohun tí a ń wá ni bí ìdílé yóò ṣe jẹ ẹyin adìẹ láìjẹ ẹ̀gbin rẹ̀, ọgbà sì ni ó lè ṣe èyí fún wa.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ọgbà ni ó ń dáàbò bo ọmọ. Ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù kan ní ìlú Lima, ní orílẹ̀-èdè Peru, àwọn olùwádìí bá àwọn ìdílé kan ṣe ọgbà fún adìẹ wọn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ìdílé tí adìẹ tiwọn ń jẹ̀ kiri. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 yani lẹ́nu: ìgbẹ́ gbuuru tí Campylobacter ń fà pọ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé tí ó ní ọgbà ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ rò ó wò. Ọgbà a máa kó ìmí tí ì bá fọ́n káàkiri jọ sí ojú kan. Bí ọmọ bá wá ń rí ààyè wọ ojú kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbá a, ọgbà náà ti di ààtàn tí a kọ́ fún ọmọ. Lójú tiwa, ilẹ̀kùn ọgbà adìẹ ṣe pàtàkì ju òrùlé rẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ó jìnnà sí ilé ìdáná àti sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Bí kànga bá wà nítòsí, kí ọgbà náà jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 50 ó kéré tán, kí ó sì wà ní apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí àgbàrá òjò má baà gbá ìmí lọ sínú omi. Abẹ́ òjìji igi ọsàn tàbí máńgòrò dára púpọ̀, nítorí oòrùn ilẹ̀ wa lè pa adìẹ. Ẹni tí àyè ilé rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn àti Èkó, a gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa ra ẹyin lọ́jà, kí ó má ṣe kọ́ ọgbà adìẹ sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àgbébọ̀ 6 àti àkùkọ 1 tó. Ọgbà tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó fẹ̀ ní 6, tí ó sì ga ní 6, yóò gbà wọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fẹ́ fi owó pamọ́ nípa ṣíṣe ọgbà tí kò ga ju ìbàdí lọ. Kí wọ́n dákun jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọgbà tí àgbàlagbà kò lè dúró nínú rẹ̀ gbá ilẹ̀ kì í pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní gbá a mọ́.

Ẹ ra òpó igi tíìkì 7 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Ẹ fi ọ̀dà dúdú kun ìdí wọn, tàbí kí ẹ fi iná jó o títí yóò fi dúdú, kí ikán má baà tètè jẹ ẹ́. Ẹ ri òpó kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2: ọ̀kan ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ní àárín ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, kí èyí tí ó kù sì wà fún ilẹ̀kùn. Ọparun náà ṣeé lò, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n kì í tọ́jọ́ nínú ilẹ̀ tútù.

Kí ẹ tó ta nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ àwọn òpó náà, ẹ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 1 yí ọgbà ká. Ẹ ki ìdí nẹ́ẹ̀tì bọ inú kòtò yìí, kí ẹ ṣẹ́ ẹ kọ sí ìta, kí ẹ sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, nítorí ẹranko tí ó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ wọlé yóò kan irin. Kí nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó lò ní ìsàlẹ̀, dé ẹsẹ̀ bàtà 2 sókè, jẹ́ olójú wẹ́wẹ́ tí kò ju ìdajì íńṣì lọ, kí ejò àti eku má baà rí ọ̀nà gbà. Èyí tí ó kù sókè lè jẹ́ olójú íńṣì 1. Ẹ na nẹ́ẹ̀tì sórí ọgbà pẹ̀lú nítorí àṣá.

Ilẹ̀kùn ni kí ẹ wá fara balẹ̀ ṣe. Kí ìdábùú rẹ̀ wà ní òkè, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 5, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Ẹ fi rọ́bà tí a gé lára táyà àlòkù so ilẹ̀kùn náà mọ́ òpó, kí ó lè máa padé fúnra rẹ̀ bí ẹni tí ó gbé omi wọlé bá gbàgbé.

Ní ìpẹ̀kun kan nínú ọgbà, ẹ kọ́ ilé tí adìẹ yóò máa sùn sí: ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn àti ní fífẹ̀, lórí ẹsẹ̀ igi tí ó gbé e kúrò nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Kí pákó ilẹ̀ rẹ̀ máa fi àlàfo díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ kí ìmí lè máa jábọ́, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì dí abẹ́ ilé náà kí adìẹ má baà lọ máa tan ìmí ibẹ̀. Ẹ dábùú ọ̀pá igi 2 fún wọn láti bà lé. Ẹ kàn án mọ́ ògiri dáadáa, nítorí a ti mọ ohun tí ojú adìẹ àti okùn jọ ń rí nígbà tí adìẹ bá bà lókùn. Kí ọ̀pá méjèèjì ga dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò máa jà sí èyí tí ó ga jù. Agbọ̀n 2 tí a fi koríko gbígbẹ sí, tí a gbé sí kọ̀rọ̀ tí ó ṣókùnkùn, tó fún ìtẹ́.

Páànù dára fún òrùlé ilé náà, bí a bá da imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí ooru lè dínkù. Ẹ má ṣe lo asbẹ́sítọ́ọ̀sì àlòkù rárá, bí wọ́n tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ. Eruku rẹ̀, bí a bá ń gé e tàbí tí a ń lu ìṣó mọ́ ọn, a máa ṣe ìjàǹbá fún ẹ̀dọ̀fóró.

Gbígbá ilẹ̀ ọgbà kò gbọdọ̀ tó ọjọ́ mẹ́ta kí a tó ṣe é. Ẹ ya ìgbálẹ̀ kan àti sálúbàtà kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, kí wọ́n sì máa gbé ẹnu ilẹ̀kùn ọgbà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní gbàrà tí ẹ bá jáde. Ìmí tí ẹ gbá jọ, ẹ dà á sínú kòtò, kí ẹ fi ewé àti erùpẹ̀ bò ó fún oṣù díẹ̀ kí ẹ tó lò ó ní oko. Ẹ má ṣe da èyí tí ó tutù sí ìdí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

Àrùn tí ó ń pa adìẹ ìbílẹ̀ jù lọ ni lúkúlúkú, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle. Ìparí ọdún 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ó máa ń le nígbà ọyẹ́. Oògùn àjẹsára rẹ̀ wà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ nípa àrùn ẹran tí ó wà ní Vom náà sì ń ṣe é. Irú kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ojú adìẹ ni, tí a ó sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3 tàbí 4. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ọyẹ́ tó dé.

Bí ọ̀pọ̀ adìẹ bá kú lójijì, ẹ má ṣe dúḿbú èyí tí ó kù láti jẹ tàbí láti tà. Àrùn tí a ń pè ní báàdì fúlù wọ orílẹ̀-èdè wa ní oṣù Kejì ọdún 2006, ó sì pa obìnrin kan ní Èkó ní oṣù Kìíní ọdún 2007. Láti ìgbà náà, ó ti padà wá, pàápàá ní ọdún 2015 àti 2021. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan òkú adìẹ, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó wá ku ẹyin. Àwọn àgbà kan a máa sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Bóyá ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹyin tí adìẹ yóò sàba lé ni, nítorí ìdílé tí ó bá jẹ gbogbo ẹyin tán kò ní rí òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní àgbébọ̀ 6 lè fi díẹ̀ sílẹ̀ fún sísàba, kí ẹ sì mú díẹ̀ fún ọmọ. Kí ọmọ má ṣe jẹ ohunkóhun ju ọmú lọ títí yóò fi pé oṣù 6. Lẹ́yìn náà, ẹ se ẹyin títí pupa inú rẹ̀ yóò fi le, ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ fọ́, kí ẹ sì pò ó mọ́ ẹ̀kọ rẹ̀. Ṣíbí kékeré kan tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ara ọmọ bá sú tàbí tí ètè rẹ̀ wú lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ́, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.