SÍTÍÁRÌN TÍ Ó WỌ́, ÀTI OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ONÍMỌ́TÒ ṢE SÍ I

Sítíárìn ni òrùka tí awakọ̀ ń dì mú láti fi darí mọ́tò. Nígbà tí mọ́tò bá ń lọ tààrà lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú, ó yẹ kí sítíárìn dúró déédéé, kí apá ọ̀tún rẹ̀ má ṣe ga ju apá òsì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mọ́tò ń bẹ tí ń lọ tààrà, tí sítíárìn wọn sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn tí ó ni wọ́n a máa wí pé níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ń gbé iṣu dé ọjà, tí ó sì ń gbé ará ilé dé ilé ìsìn, kò sí ewu. Ìrò yìí kò tọ́. Gẹ́gẹ́ bí ara gbígbóná kì í ti í ṣe àrùn fúnra rẹ̀, bí kò ṣe àmì pé ibà tàbí àìsàn mìíràn ń bẹ nínú ara, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sítíárìn tí ó wọ́ jẹ́ àmì pé nǹkan kan ti yẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Ẹni tí ó bá tún àmì ṣe, tí ó sì fi àrùn sílẹ̀, kò tíì ṣe ohunkóhun.

BÍ A TI ṢÈTÒ RẸ̀

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò kéékèèké òde òní, sítíárìn jókòó lórí òpó irin kan tí ó sọ̀kalẹ̀ wọ inú àpótí irin gbọọrọ tí ó dábùú iwájú ọkọ̀. Irin eléyín kan wà nínú àpótí náà, tí ń sún sí ọ̀tún tàbí sí òsì bí a ti ń yí sítíárìn. Ní ìkángun rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan wà tí ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú. Táì-rọ́ọ̀dù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n. Orí wọn rí bí ti bóòtù, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá yí wọn, wọn yóò gùn sí i tàbí kí wọ́n kúrú sí i. Bí gígùn wọn bá pé bí ó ti yẹ, irin eléyín yóò wà ní àárín gbùngbùn àpótí rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá kọjú síwájú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá gùn jù, tàbí tí ó bá tẹ̀, irin eléyín yóò ní láti kúrò ní àárín kí mọ́tò tó lè lọ tààrà; sítíárìn yóò sì bá a lọ, yóò wọ́.

OHUN TÍ Ó Ń FÀ Á

Èkíní ni kòtò ojú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ iwájú bá já sínú kòtò jíjìn, tàbí tí ó bá kọlu etí títì, lè tó láti tẹ táì-rọ́ọ̀dù tàbí apá irin tí ó gbé ẹsẹ̀ náà dúró.

Èkejì ni oríkèé tí ó ti jẹ. Ní ẹnu táì-rọ́ọ̀dù ni oríkèé kan wà, bí oríkèé ìtan ènìyàn, tí gírísì wà nínú rẹ̀, tí rọ́bà sì bò ó. Bí rọ́bà náà bá ya, omi àti iyanrìn yóò wọlé, oríkèé yóò sì jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àìfarabalẹ̀ ẹni tí ó ṣe aláínmẹ́ǹtì, tí kò kọ́kọ́ mú sítíárìn dúró déédéé, kí ó sì dè é, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò àwọn ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí kò kọjú síwájú gan-an. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń rìn bí akàn, awakọ̀ sì ní láti wọ́ sítíárìn kí ó tó lè bá ọ̀nà lọ.

Ṣùgbọ́n kí a tó dá mọ́tò lẹ́bi, kí a wo ọ̀nà. Àwọn tí ń ṣe títì a máa mú àárín rẹ̀ ga ju etí lọ kí omi òjò lè ṣàn kúrò. Láti ọjọ́ 2 oṣù April, 1972, ni a ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Nítorí náà mọ́tò a máa fẹ́ yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, síhà gọ́tà, awakọ̀ a sì máa fà á sí òsì. Èyí kì í ṣe àbùkù. Kí a wọn afẹ́fẹ́ inú táyà, kí a sì dán mọ́tò wò lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí a tó ṣe ìdájọ́.

ÌPALÁRA RẸ̀

Ohun tí ó mú sítíárìn wọ́ sábà máa ń mú kí táyà kọjú sí ibi tí mọ́tò kò lọ. Bí ẹnu iwájú táyà kan bá fi mìlímítà 3 yà ju ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, tí ìwọ̀n táyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 600, a jẹ́ pé nínú mítà 200 tí ó bá yí, mítà 1 ni ó fi ń wọ́ nílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú kìlómítà 1, ó di mítà 5. Títì ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn gùn tó nǹkan bí kìlómítà 127. Táyà náà yóò ti wọ́ nílẹ̀ ju mítà 600 lọ kí ó tó débẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ pa á yóò rí i pé ojú rẹ̀ mú bí eyín ayùn. Ìnáwó nìyẹn. Ti oríkèé tí ó jẹ burú jù ú lọ: bí ó bá yọ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ náà yóò yà síbi tí ó wù ú, sítíárìn kì yóò sì lè pè é padà.

BÍ A TI Ń WÁ ÀRÙN NÁÀ RÍ

Kí a fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, kí a sì gbé e ka orí àtìlẹyìn irin tí ó lágbára. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ibẹ̀ kú.

Kí a di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì, kí a sì mì í. Bí ó bá ń dún kọ̀-kọ̀, tí ó sì ń ṣeré, kí a pààrọ̀ ohun tí ó jẹ kí a tó ṣe ohun mìíràn.

Lẹ́yìn èyí, kí a yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún, kí a sì ka iye ìgbà tí yóò yí kí ó tó dé òpin lósì. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 3, kí a dá a padà ní ìgbà 1 àti ààbọ̀. Bí sítíárìn bá dúró déédéé níbẹ̀, ó jókòó dáradára lórí òpó rẹ̀, àrùn sì wà nísàlẹ̀. Bí ó bá wọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ ọ́ rí, kí ó sì ti fi í sípò tí kò tọ́.

BÍ A TI Ń TÚN UN ṢE

Bí oríkèé bá le, tí irin kankan kò tẹ̀, tí àwọn táyà sì ń jẹ déédéé, àtúnṣe kò nira. Kí a fi ẹfun sàmì sí táì-rọ́ọ̀dù méjèèjì. Kí a tú nọ́ọ̀tì tí ó há wọn, kí a sì dẹ ohun tí ó fún ẹnu rọ́bà wọn, kí rọ́bà má bàa lọ́. Kí a mú kí ọ̀kan gùn sí i, kí èkejì sì kúrú sí i ní ìwọ̀n kan náà gan-an. Ìdá mẹ́rin yíyí kan tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí a há nọ́ọ̀tì padà, kí a sì dán mọ́tò wò. Bí ó bá wọ́ sí i, ìhà kejì ni kí a yí sí. Ẹni tí ó bá yí ẹyọ kan ṣoṣo yóò mú sítíárìn tọ́, ṣùgbọ́n yóò ba ìdúró àwọn táyà jẹ́. Bí táyà bá sì ti ń jẹ lódìlódì, kí a lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ aláínmẹ́ǹtì, kí ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí ó tó fọwọ́ kan ti iwájú.

ÌKÌLỌ̀

Àwọn kan a máa yọ sítíárìn, wọn a yí i díẹ̀, wọn a sì tún un fi sípò. Ojú awakọ̀ á rí ohun tí ó tọ́, ṣùgbọ́n irin tí ó tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ewu mìíràn tún ń bẹ. Láti ọdún 1998 ni òfin Amẹ́ríkà ti béèrè pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní àpò afẹ́fẹ́ níwájú awakọ̀ àti ẹni tí ó jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ tókùnbọ̀ ojú ọ̀nà wa ni ó ní in ní àárín sítíárìn. Ohun ìbúgbàù ni ó ń fẹ̀ ẹ́, ó sì lè ṣe ẹni tí ó bá ṣí i láìmọ̀ léṣe púpọ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà nìkan ni kí ó kàn án.

Àwọn àgbà wí pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí onímọ́tò tí ó bá rí i pé sítíárìn rẹ̀ wọ́ lónìí wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ tó pé.